Ẹ Jókòó Jẹ́ẹ́, Kí Ẹ Ka Ìwé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa gbogbo, ẹ ti ka ìwé àkọ́kọ́ tán. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín B àti D. Àwọn mìíràn di pẹ́ńsù mú bí ẹni di àdá mú. Lónìí, ẹ lè kọ orúkọ ara yín. Ẹ lè ka orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára mọ́tò. Ẹ lè ka iye ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ lo oògùn lójúmọ́. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Kí ló kàn? Ẹni tó gbin iṣu tí kò padà lọ wo ebè mọ́, ṣé koríko kò ní bò ó? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Ẹni tó kọ́ ìwé tí kò kà á mọ́, ohun tó kọ́ yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ṣe, yóò máa wo lẹ́tà bí ẹni ń wo ojú àlejò. Yóò ní, "Mo mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n n kò rántí orúkọ rẹ̀."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ìwé kò fi ní sá lọ mọ́ni lọ́wọ́. Ọ̀nà náà ni pé kí á máa kà á lójoojúmọ́. Láti kà á lójoojúmọ́, ó di dandan kí á máa dá jókòó nígbà mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀.

1. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn ilé

Ẹ gbọ́ ìtàn kékeré kan ná. Ìyàwó ilé kan wà ní Ìfọ́n níhìn-ín. Gàrí ló ń tà. Ó wá sí kíláàsì wa, ó fara balẹ̀, ó sì mọ̀wé kà dáadáa. A sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n máa kàwé nílé, ì báà ṣe ojú ìwé kan péré lóòjọ́. Obìnrin yìí fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó fọ abọ́ tán, ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi dé.

"Ìyàwó, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí o."

"Kí ló dé tí o wá dá jókòó síbí bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé?"

"Ìwé ni mò ń kà, mà."

"Ìwé kẹ̀? Ta ló kú?"

Ẹ ò rí i? Lójú ìyá àgbà, lẹ́tà ìsìnkú nìkan ló lè mú kí ènìyàn wo ìwé báyẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá béèrè bóyá òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà. Ojú tì í. Ó gbé ìwé náà sínú àpótí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi ṣí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni.

2. Ènìyàn ni aṣọ wa

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ẹgbẹ́. A ní, "Ènìyàn ni aṣọ mi." A ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà." A tún ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní agbo ilé wa, a kì í fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. A kì í fi ìyá ọlọ́mọ tuntun sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ènìyàn bá dá jókòó, a ó lọ bá a, a ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ìwà rere ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí à ń sọ ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí wọ́n pa tì àti ẹni tó dá jókòó. Ẹni tí wọ́n pa tì, ó ń wá ènìyàn, kò rí. Ẹni tó dá jókòó, ó mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nínú ilé. Ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀ láti ṣiṣẹ́ tí ariwo kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe ni. Nígbà tó bá ṣe é tán, yóò padà wá, ohun tó bá rí níbẹ̀, yóò mú un wá fún wa.

3. Àwọn baba wa mọ ìdákẹ́jẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní dídá jókòó. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé. Ọdẹ a máa dá wọ igbó lóru. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní wúkọ́. Etí rẹ̀ á là, ojú rẹ̀ á là. Ẹni tó ń kọ́ Ifá a máa fara ti odù kan fún ọjọ́ púpọ̀, a máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí yóò fi wọ̀ ọ́ nínú. Ahunṣọ tó wà nídìí òfì, bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ jù, òwú á já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó dá wà lórí ebè, ibẹ̀ ló ti ń ronú owó ilé ìwé ọmọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń rí ìdáhùn.

Ẹ wo ìlú wa fúnra rẹ̀. Olúfọ́n ni oyè ọba wa. Láti ìgbà láéláé ni a ti mọ Ìfọ́n mọ́ Òrìṣà Olúfọ́n, èyí tí í ṣe Ọbàtálá, òrìṣà aláṣọ àlà. Àwọn tó ń sìn ín kì í mu ẹmu. Wọn a máa wọ funfun, wọn a sì fẹ́ràn ìwà tútù. Mùsùlùmí mọ̀ pé nígbà tí Ànábì Muhammad dá wà nínú ihò àpáta Hira ni a kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé kó kà. Kìrìsìtẹ́nì mọ̀ pé Jésù a máa fi èrò sílẹ̀, a máa gun orí òkè lọ láti dá gbàdúrà. Ẹ̀sìn yòówù kí á máa ṣe, ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀: omi tó dàrú kì í fi ojú ẹni han ẹni. Ó dìgbà tó bá tòrò.

4. Kí ni ìwé ń ṣe fún ẹni tó dá jókòó?

Èkíní, ìwé a máa ní sùúrù. Olùkọ́ lè bínú bí ẹ bá béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ yín tó ń lọ sí ilé ìwé lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ìwé kì í bínú, kì í rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò bá yín sọ, kò ní yí ohùn padà.

Èkejì, ìwé a máa jẹ́ kí òkú bá alààyè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó mọ orúkọ D. O. Fágúnwà, ẹ mọ̀ pé ọmọ Òkè-Igbó ni. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, jáde ní ọdún 1938. Fágúnwà kú ní ọdún 1963. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí ìwé náà lálẹ́ òní, ohùn rẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́. Nínú ìwé náà, bàbá ọdẹ kan ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó mú kálàmù àti ìwé, kó kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀. Bàbá náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá kọ sílẹ̀ lè bá ẹni tó ni ín lọ sọ́run.

Ẹ̀kẹta, ìwé a máa jẹ́ kí á ní èrò tiwa. Nínú ọjà, ohun tí ọjà ń sọ ni à ń sọ. Nínú mọ́tò, ohun tí mọ́tò ń sọ ni à ń sọ. Ní àsìkò tiwa yìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bó bá dún, a ó gbé e. Ìgbà wo ni ènìyàn yóò wá bi ara rẹ̀ pé, "Èmi náà ńkọ́? Kí ni mo rò sí ọ̀rọ̀ yìí?" Ẹni tó ń dá kàwé yóò rí ìgbà bẹ́ẹ̀. Yóò ka ìlà kan, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Ó tì o, èyí kò rí bẹ́ẹ̀," tàbí, "Họ́wù, òótọ́ nìyí!" Gbígbójú sókè yẹn gan-an ni ọgbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

5. Àwọn tí ìwé gbé dìde

Bóyá ẹnì kan nínú yín ń sọ lọ́kàn pé, "Mo ti dàgbà jù. Ipò mi kò gba ìwé." Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn mẹ́rin kan tí ipò tiwọn burú ju tiwa lọ.

Ẹni kìíní ni Àjàyí, ọmọ Òṣógùn. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Kò ní bàbá níbẹ̀, kò ní ìyá. Ó gbájú mọ́ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni òun fi kọ́ ọ tí òun fi lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Òun la wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1843, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òun ló ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ èdè wa sílẹ̀ títí dòní, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹrú tó dá wà ní ilẹ̀ àjèjì ló bá wa la ọ̀nà tí à ń rìn?

Ẹni kejì ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyà ìwé sì jẹ ẹ́ gidigidi. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníṣòwò. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ó máa ń jókòó ti ìwé. Kò lọ sí yunifásítì kankan jókòó. Nílé ló ti kàwé, tó sì gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Lẹ́yìn náà ló tó lọ kọ́ òfin. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà Ìfọ́n àti Ìlobùú, ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1963, kò fi ojoojúmọ́ sunkún. Ó ń kàwé, ó sì ń kọ̀wé. Nígbà tó jáde ní ọdún 1966, ìwé lórí òfin ìjọba Nàìjíríà ló bá jáde.

Ẹni kẹta wá láti òkè òkun. Malcolm X ni orúkọ rẹ̀, ìran adúláwọ̀ ti Amẹ́ríkà. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré, ó ya pòókíì, ó ń jalè, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1946. Nínú ẹ̀wọ̀n, ó fẹ́ máa kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Kí ló ṣe? Ó gba ìwé atúmọ̀ èdè kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ láti ojú ìwé kìíní. Ojú ìwé kìíní yẹn nìkan gbà á ní odidi ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá pa iná ní aago mẹ́wàá alẹ́, yóò jókòó sílẹ̀ níbi tí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń tàn wọlé díẹ̀, yóò máa kà. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń bọ̀, yóò fò padà sórí ibùsùn, yóò ṣe bí ẹni tó sùn. Ó jáde ní ọdún 1952, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì mi Amẹ́ríkà tìtì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964, ó wá sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ibẹ̀ fún un ní orúkọ Yorùbá. Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ náà? Ọmọwálé ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹni kẹrin ni Wọlé Ṣóyínká. Nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba tì í mọ́lé láti ọdún 1967 sí ọdún 1969. Ó pẹ́ gan-an tó fi dá wà nínú yàrá kan, láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Wọn kò fẹ́ kó ní ìwé, wọn kò fẹ́ kó ní kálàmù. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yíǹkì. Ó kọ̀wé sórí bébà ìnùdí àti sáàárín ìlà ìwé tó bá rí gbà. Ní ọdún 1986, òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi wá gbọ́. A kò sọ pé ẹ̀wọ̀n dára. Ìyà ni kí á fi túláàsì ti ènìyàn mọ́ ibi tó dá wà. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn wọ̀nyí rí ìwé kà nínú òkùnkùn. Àwa tí a wà lómìnira, tí a ní àtùpà, tí a ní ìjókòó, kí ni àwáwí wa?

6. Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn wá, a kò sì lè ṣe kí á má sọ ọ́. Ìfọ́n wà lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ti Òṣogbo ń bọ̀, Ìlobùú ni yóò kọ́kọ́ kàn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé wa. A jọ ń ná ọjà, a jọ ń fẹ́ra. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, ó sì kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Ẹ̀mí ṣòfò. Ilé jóná. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà. Ìyá tó ní ọmọ ní Ìfọ́n, tó ní ọmọ-ọmọ ní Ìlobùú, níbo ni kó kọjú sí?

A kò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tó kan ẹ̀kọ́ tiwa ni èyí: ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ a máa sáré ju mọ́tò lọ. Ẹnì kan á ní, "Wọ́n ti ń bọ̀!" Ẹnì kejì á ní, "Wọ́n ti pa èèyàn mẹ́wàá!" Ẹnì kẹta kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti mú àdá. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára láti máa dá jókòó, láti máa bi ìwé pé, "Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo? Ṣé ojú rẹ̀ ló fi rí i?" òun náà yóò bi ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ní ìbéèrè kan náà. Yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná." Láàárín ìgbà tó fi jókòó yẹn, ẹ̀mí kan lè yè.

Ilẹ̀ náà ní ìwé tirẹ̀. Mélòó nínú àwọn àgbà wa ló ti tẹ ìka sí ìwé ilẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Wọ́n kà á fún wọn láàárín èrò, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí," wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan lójú agbo. Ẹ mú un lọ sílé. Ẹ dá jókòó kà á. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ẹni tó yé, tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń kán yín lójú pé kí ẹ fọwọ́ sí i kíákíá, ẹ fura sí i.

7. Ìyàwó onígàrí tún ṣí ìwé

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ló rí ìwé náà nínú àpótí aṣọ. Ó ní, "Ṣé o ti pa á tì ni?" Obìnrin náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa kà á. Èmi yóò bá màmá sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dá oúnjẹ alẹ́ tán, ọkọ rẹ̀ á mú àwọn ọmọ dání fún bí ìṣẹ́jú ogún. Ìyàwó á lọ sẹ́yìn ilé, á kàwé. Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń wò ó.

Ní òru ọjọ́ kan, àrunṣu mú ọmọ kékeré ilé náà. Wọ́n ní àpò oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà kan nílé, èyí tí wọ́n fún wọn ní ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sínú ife omi kan kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ìyàwó ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kà á ná." Ó gbé àtùpà súnmọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́ ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi mímọ́ líta kan ni kí wọ́n dà á sí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú omi náà, ó lè pa ọmọ lára. Wọ́n wọn omi náà pé, wọ́n ń fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kùtùkùtù. Ọmọ yè.

Ẹ kíyè sí i. Kì í ṣe òru ọjọ́ yẹn ló kọ́ ìwé. Àwọn ìrọ̀lẹ́ abẹ́ igi máńgòrò ló ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ ogun kọ́ là ń kọ́ bí a ṣe ń ta ọfà.

Nísinsìnyí, bí àlejò bá dé tó ń béèrè ìyàwó, ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Á ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Ìyàwó mi ń kàwé." Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á ní, "Ìyàwó, kí ni ìwé wí lónìí?"

8. Bí a ó ṣe máa ṣe é

(1) Ẹ yan àsìkò kan. Àárọ̀ kùtù dára, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ náà dára. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ.

(2) Ẹ yan ibì kan. Abẹ́ igi, ẹ̀yìn ilé, inú yàrá, abà oko: ibi yòówù tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Ẹ má kàwé nínú òkùnkùn.

(3) Ẹ gbé fóònù jìnnà. Bí ẹni tó ń pè yín bá nílò yín, yóò tún pè.

(4) Ẹ sọ fún àwọn ará ilé. Ẹ ní, "Ìwé ni mo fẹ́ kà, kò sí ìjà o." Ọkọ, ẹ bá aya yín di ọmọ mú. Aya, ẹ bá ọkọ yín dá àlejò dúró díẹ̀. Obìnrin kò ní ìsinmi púpọ̀. Bí a kò bá fún un láyè, ìwé yóò sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

(5) Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ka ojú ìwé kan jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà láìla ẹnu. Bó bá pẹ́, ojú nìkan yóò tó. Ẹ lè fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

(6) Bí ẹ bá ka ìpín kan tán, ẹ pa ìwé dé. Ẹ bi ara yín pé, "Kí ló sọ? Ṣé mo gbà á? Kí ni mo lè fi ṣe?" Ẹ kọ ìlà kan péré sílẹ̀.

(7) Bí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, tí lẹ́tà bá ń ṣe bàìbàì àfi bí ẹ bá na ìwé jìnnà sí ojú, ẹ má rò pé orí yín ló kú. Ojú àgbà ni. Ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Jígí ojú yóò tún un ṣe.

9. Ìkìlọ̀ kékeré

Ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń sá fún ènìyàn lójoojúmọ́, tí kò jẹun, tí kò sùn, ìwé kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ lọ bá a, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé ló jẹ́ òótọ́. Òpùrọ́ náà mọ̀wé kọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ máa gbójú sókè, kí ẹ ronú.

Paríparí rẹ̀, ẹ má ṣe dá jẹ ohun tí ẹ bá rí nínú ìwé. Ọdẹ tó dá wọ igbó lóru, bó bá pa ẹran, agbo ilé ni yóò gbé e wá. Ẹ gbé ẹran yín wálé. Ẹ kà á fún ìyá àgbà. Ẹ kà á fún ọmọ. Ọmọ tó bá rí bàbá àti ìyá rẹ̀ nídìí ìwé, a kò ní fi pàṣán lé e lọ sí ilé ìwé.

Ó dọwọ́ yín o. Ẹ kú ìkàwé.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ìyàwó onígàrí fi gbé ìwé rẹ̀ sínú àpótí aṣọ?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ẹni tí wọ́n pa tì àti ẹni tó dá jókòó?
3. Ọdún wo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan bó ṣe rí ní ìlú yín.
4. Orúkọ wo ni wọ́n fún Malcolm X ní Ìbàdàn? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?
5. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ, ìbéèrè mẹ́ta wo ni ó yẹ kí ẹ béèrè?

Iṣẹ́ láti ṣe nílé

Ẹ dá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ka ìpín 7 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta lórí ọjọ́ kan tí ìwé kíkà ràn yín lọ́wọ́, tàbí ọjọ́ kan tí àìmọ̀wé kó yín sí wàhálà. Ẹ mú un wá sí kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á mọ̀

Ìdákẹ́jẹ́: ìgbà tí kò sí ariwo.
Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ: ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí a kò fi ojú ara wa rí.
Ìwé atúmọ̀ èdè: ìwé tó ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.
Òǹkọ̀wé: ẹni tó kọ ìwé.
Àrunṣu: ìgbẹ́ olómi tó ń mú ara gbẹ.